DARB ZUBAIDA: ÈTÒ ÀTI OMI LÓJÚ Ọ̀NÀ HÁJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó ṣe Hájì ní ọ̀ranyàn lé ẹni tí ó bá ní agbára àtidé ibẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ-kéú wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin jàmáà mọ́sáláṣí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé owó nìkan ni agbára tí a ń sọ nípa Hájì. Àwọn onímọ̀ wa kò fi mọ síbẹ̀. Wọ́n ka oúnjẹ àjò, ohun gígùn, ìlera ara àti ọ̀nà tí kò léwu mọ́ ọn. Nínú àlàyé yìí, a fẹ́ kí ẹ mọ̀ bí àwọn Mùsùlùmí ìṣáájú ṣe ṣètò ọ̀nà kan nínú aṣálẹ̀, kí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn lè dé Mẹ́kà láàyè, kí ó sì padà sílé. Orúkọ ọ̀nà náà ni Darb Zubaida.

Ìlú Kufa ní ilẹ̀ Iraq ni ọ̀nà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó sì la aṣálẹ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá já títí dé Mẹ́kà. Gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 1,400. Kí ẹ lè mọ bí ó ti jìnnà tó, ẹ rò ó bí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Èkó dé itòsí Maiduguri. Kò sí odò kan tí ó ń ṣàn lójú ọ̀nà náà.

Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣe é. Ní ọdún 134 Hijira (751 sí 752 ti àwọn òyìnbó), Kàlífà Abul-Abbas as-Saffah pàṣẹ pé kí a ri òkúta ibùsọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ní ọdún 161 Hijira, Kàlífà al-Mahdi fi ilé ìsinmi, kànga àti adágún omi kún un. Lẹ́yìn náà ni Zubaida, ọmọ-ọmọ Kàlífà al-Mansur, ìyàwó Harun ar-Rashid, ná owó ara rẹ̀ sí i púpọ̀púpọ̀ débi pé orúkọ rẹ̀ ni ó mọ́ ọ̀nà náà lára. Òun náà ni ó fa omi wá sí Mẹ́kà, tí wọ́n ń pè ní Ain Zubaida. Ó jáde láyé ní ọdún 216 Hijira (831).

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń rin ìrìn-àjò náà?

Èkíní, wọ́n pín ọ̀nà sí ìpele. Ibùdó ńlá 27 ni ó wà lójú ọ̀nà, àwọn ibùdó kéékèèké 27 sì wà láàárín wọn fún ìsinmi. Láti ibùdó ńlá kan dé èkejì tó bíi kìlómítà 50. Nítorí náà, kí arìnrìn-àjò tó kúrò nílé ni ó ti mọ iye ìgbà tí yóò sọ̀kalẹ̀, àti ibi tí yóò ti rí omi.

Èkejì ni omi gan-an. Yorùbá ní omi ò lọ́tàá. Nínú aṣálẹ̀, òjò kì í pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá rọ̀, àgbàrá rẹ̀ a máa le. Wọ́n mọ odi láti darí àgbàrá náà sínú adágún kékeré kan. Ibẹ̀ ni omi ti máa ń tòrò, tí iyanrìn á lọ sí ìsàlẹ̀, kí ó tó ṣàn sínú adágún ńlá tí à ń pè ní birka. Òkúta ni wọ́n fi mọ birka, wọ́n sì rẹ́ ẹ kí omi má baà jò. Òmíràn rí róbótó, òmíràn ní igun mẹ́rin, wọ́n sì ṣe àtẹ̀gùn sí i kí ènìyàn lè sọ̀kalẹ̀ lọ pọnmi. Èyí tí ó wà ní ar-Rabadha, ìlú tí sàhábé Abu Dharr kú sí, fẹ̀ ju mítà 60 lọ láti etí kan dé èkejì.

Ẹ̀kẹta ni ẹrù. Ní ìlú Fayd, tí ó wà ní agbedeméjì ọ̀nà, àwọn alálájì a máa fi apá kan nínú oúnjẹ àti ẹrù wọn pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn ará ìlú. Bí wọ́n bá ń padà bọ̀, wọ́n á gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ṣe ń fúyẹ́ ní àlọ, tí ebi kò sì ní pa wọ́n ní àbọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ẹgbẹ́. Ẹnì kan kì í dá rìn. Abẹ́ aṣíwájú tí wọ́n ń pè ní amirul-hajj ni gbogbo wọn wà, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa fi òru rìn nítorí oòrùn. Bí wọ́n bá dé Dhat Irq, tí ó jẹ́ miikaati àwọn ará Iraq, wọ́n á wọ aṣọ harami.

Ibi tí ètò bá ti bàjẹ́, ẹ̀mí ni ó ń bá a lọ. Ní ọdún 294 Hijira (906), àwọn Karamita dá àwọn alálájì tí ó ń padà bọ̀ lọ́nà, wọ́n ba omi wọn jẹ́, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Mongol gba Baghdad ní ọdún 1258, ọ̀nà náà kò ní olùtọ́jú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe sọ pé ìtàn àtijọ́ lásán ni èyí. Ní Hájì ọdún 2024, oòrùn ní Mẹ́kà mú ju ìwọ̀n 51 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìjọba Saudi kéde pé ènìyàn 1,301 ni ó kú. Wọ́n ní 83 nínú 100 wọn ni kò ní ìwé àṣẹ Hájì, tí wọ́n rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn láìsí ibòji tàbí ibi ìsinmi. Ìwé àṣẹ yẹn kì í ṣe tákàdá lásán, nítorí òun ni àgọ́, mọ́tò àti ìtọ́jú ń bá rìn. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé ti fi ibùdó àti birka tirẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn kan á ní, “Ọlọ́hun ni a gbára lé.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú hadiisi tí Imam at-Tirmidhi gbà wá, nígbà tí ọkùnrin kan bèèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun gbára lé Ọlọ́hun, Ànábì wa ní kí ó so ó, kí ó sì gbára lé E. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò Hájì, ẹ kọ́kọ́ wádìí ọ̀nà yín. Ẹ gba ìwé àṣẹ, ẹ ṣe àyẹ̀wò ara, ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ẹ má sì ya kúrò lára ẹgbẹ́ yín. Ẹ̀yin ọmọ wa, a mọ̀ pé ẹ kò ní owó Zubaida. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pọn omi àlùwàlá sí mọ́sáláṣí ti gba ọ̀nà tí ó gbà. Láti ìgbà tí ó ti kú, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, a sì ń dárúkọ rẹ̀ sí rere nítorí omi.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a rí Kaaba pẹ̀lú àlàáfíà, kí Ó sì gba Hájì lọ́wọ́ àwọn tí ó ti lọ. Àmín. Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jù.