Mí Jẹ́jẹ́, Na Ara Jẹ́jẹ́: Ohun Tí A Rí Nípa Yógà

   

Gbogbo ẹni tí ó máa ń ka ojú ewé ìròyìn ẹbí nínú ìwé wa yìí ni ó mọ̀ pé ìkómọjáde àti ìgbéyàwó ni ó máa ń dùn mọ́ wa jù lọ láti kọ. Ṣùgbọ́n bí a ti ń kọ ìròyìn ayọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń kọ "ẹ bá wa gbàdúrà fún lágbájá", a sì ti rí i pé àìsàn kan náà ni ó ń yí láàrin wa: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìbàdí ríro, àìrí oorun sùn, àti ìrònú tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ ó lọ lọ́nà ọ̀fun. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí lórí ohun kan tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé wa.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan wà nínú wa tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Mile 1. Ìbàdí ń ro ó tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè jókòó ti ọjà rẹ̀ fún wákàtí kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bá kọ́ ọ ní bí a ti ń na ara àti bí a ti ń mí, èyí tí a ń pè ní yógà. Nígbà tí ó ṣe é fún oṣù mélòó kan, ìyá náà ní ara ti ń tu òun. Ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ bá ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn kí ìpàdé ó tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe é fún ogún ìṣẹ́jú.

Ní ọjọ́ kan, bàbá kan nínú àwọn àgbà wa dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dákun, ṣé òrìṣà àwọn ará Íńdíà ni ẹ fẹ́ kó wọ inú ẹgbẹ́ wa ni?"

Ìyá náà kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ìbàdí mi ni mo ń tọ́jú, n kò pe òrìṣà kankan."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ẹgbẹ́ ní kí àwa tí a ń ṣe ìwé ìròyìn yìí wádìí ọ̀ràn náà dáadáa, kí a sì kọ ohun tí a bá rí.

OHUN TÍ YÓGÀ JẸ́

Ilẹ̀ Íńdíà ni yógà ti ṣẹ̀ wá, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì tí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Ní èdè Sáńskríìtì, ìtumọ̀ orúkọ náà jẹ mọ́ kí a so nǹkan pọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi àjàgà so màlúù méjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ fa ẹrù. Ara àti ọkàn ni a fẹ́ so pọ̀, èémí sì ni okùn tí a fi ń so wọ́n. Nínú ìwé àtijọ́ tí wọ́n sọ pé Patanjali ni ó kọ, ẹ̀ka mẹ́jọ ni yógà ní. Ìwà ni ó ṣáájú gbogbo rẹ̀: kí a má pa ẹlòmíràn lára, kí a má purọ́, kí a má jalè. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìjókòó ara àti ti èémí tó dé. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ohun tí à ń pè ní ọmọlúàbí kò lè sọ pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe àjèjì sí òun.

Ẹnì kan tí ó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ nípa rẹ̀ ni B.K.S. Iyengar. Ní 1918 ni wọ́n bí i, ní ọdún tí àrùn inflúẹ́ńsà jà káàkiri ayé, tí ó sì dé Èkó pẹ̀lú. Aláìlera ni ọmọ náà. Ibà, táífọ́ọ̀dù àti ikọ́ ẹ̀gbẹ kọlù ú ní kékeré. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Krishnamacharya, ni ó kọ́ ọ ní yógà ní ìlú Mysore, díẹ̀díẹ̀ ni ara rẹ̀ sì mókun. Ní 1966 ó tẹ ìwé rẹ̀, Light on Yoga, jáde, ẹni ọdún 95 ni ó sì jẹ́ nígbà tí ó kú ní 2014. A kò sọ pé yógà nìkan ni ó gbé e dé ọjọ́ ogbó, nítorí Ọlọ́run ni ó ni ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò gbọdọ̀ rò pé ti àwọn alágbára nìkan ni nǹkan yìí.

Ní oṣù December 2014, Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ya ọjọ́ 21 oṣù June sọ́tọ̀ fún yógà lọ́dọọdún. Ní 2016, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tí gbogbo aráyé ní láti tọ́jú.

KÍ ỌKÀN Ó WÀ NÍBẸ̀

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹni tí ó ń na ara, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ wà ní ọjà, tí ojú rẹ̀ sì wà lára fóònù, ẹran ara nìkan ni ó ń nà. Ohun tí yógà ń béèrè ni pé kí a mọ̀ pé a ń mí, kí a mọ ibi tí ara ti ń fà wá, kí a sì dúró níbi tí ó bá ní kí a dúró. Ní 1979, Jon Kabat-Zinn dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fún àwọn aláìsàn tí ìrora kò fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà: ìfọkànsí, ìjókòó jẹ́jẹ́ àti yógà. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Ní 2017, American College of Physicians, ẹgbẹ́ ńlá kan ti àwọn dókítà Amẹ́ríkà, ka yógà mọ́ àwọn ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi tọ́jú ẹ̀yìn ríro tí ó ti pẹ́ lára, kí a tó lọ sórí oògùn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìyá wa ti Mile 1 kì í ṣe àlá.

Báwo ni ó ti ń ṣiṣẹ́? Bí ẹ̀rù bá ń ba ènìyàn tàbí tí inú ń bí i, èémí rẹ̀ a yára, àyà rẹ̀ a máa lù kìkì. Bí a bá mọ̀ọ́mọ̀ mí jẹ́jẹ́, iṣan kan tí ó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wá sí àyà àti ikùn a sọ fún ọkàn pé kí ó rọra. Àwọn àgbà wa kò ka ìwé ìṣègùn kí wọ́n tó máa sọ fún ẹni tí inú ń bí pé, "Jókòó ná, mí kanlẹ̀."

BÍ A TI Ń ṢE É

Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe ni a kọ síhìn-ín. Ẹní kan ti tó, a kò ní láti ra nǹkankan.

Èkíní, ẹ jókòó, ìbáà ṣe lórí àga, kí ẹ̀yìn ó nà. Ẹ fa èémí wọ imú, kí ẹ ka ení títí dé ẹ̀rin. Ẹ tú u jáde, kí ẹ ka ení títí dé ẹ̀fà. Bí ọkàn bá sá lọ sórí owó ilé, ẹ má bá a jà, ẹ rọra pè é padà sórí èémí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó.

Èkejì, ẹ fi ọwọ́ àti orúnkún kanlẹ̀ bí ẹni tí ń nu ilẹ̀. Bí ẹ bá ń mí sínú, ẹ jẹ́ kí ikùn ó wálẹ̀, kí ojú ó wòkè. Bí ẹ bá ń mí síta, ẹ gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ẹ̀kẹta, ẹ kúnlẹ̀, ẹ jókòó lé gìgísẹ̀, kí ẹ sì fi iwájú orí kan ẹní. Àwọn Mùsùlùmí wa mọ èyí dáadáa, ó jọ ìforíkanlẹ̀ wọn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ sí abẹ́ èjìká, kí ẹ gbé àyà sókè díẹ̀ bí ẹ bá ń mí sínú. Àwọn ará Íńdíà fi í wé ejò sèbé. Àwa ní tiwa ti ń dọ̀bálẹ̀ láti kékeré. Gbígbé àyà sókè nìkan ni ó kù.

Ìkarùn-ún, ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ má ṣe ohunkóhun fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Orúkọ tí àwọn ará Íńdíà fún èyí ni ìdùbúlẹ̀ òkú. Àwọn ìyá wa ní àwọn kò gba orúkọ yẹn, wọ́n sọ ọ́ di ìsinmi ọba.

Kí ẹnikẹ́ni má fi agbára ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sì bá ẹnìkejì díje. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko.

ÌKÌLỌ̀

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n wa kan ni ó mú wa kọ apá yìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ lára rẹ̀, oògùn ni ó sì ń lò. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ yógà, ó ń sùn dáadáa, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó bá fúnra rẹ̀ dá oògùn náà dúró láìsọ fún ìyàwó rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ṣubú ní balùwẹ̀, àwọn aládùúgbò ni wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ti ń rìn, ó sì ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Kí ara fúyẹ́ kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀. Ẹ máa lo oògùn yín, ẹ máa lọ yẹ ara yín wò, dókítà nìkan ni ó lè sọ pé kí a dín in kù.

Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ojú glaucoma, kí ó má dorí kodò rárá. Aboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ dípò ẹ̀yìn. Gbogbo wa ni a sì ṣì ní láti máa rìn: àjọ ìlera àgbáyé ní ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú ìdárayá ni ó yẹ àgbàlagbà lọ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà fún Port Harcourt ní pàtàkì. Láti ìparí 2016 ni èéfín dúdú ti ń bà sórí fèrèsé àti aṣọ tí a sá ní ìlú yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers gbógun ti àwọn tí ń fọ epo ní bòókẹ́lẹ́ nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fi ọwọ́ nu fèrèsé tí ó sì dúdú, ẹ má jókòó sí ìta gbangba kí ẹ máa mí kanlẹ̀. Inú ilé ni kí ẹ ti ṣe é, pàápàá ẹni tí ó ní ikọ́ fée.

Ọ̀RỌ̀ ÌGBÀGBỌ́

Ìbéèrè bàbá wa kì í ṣe ìbéèrè aṣiwèrè. Nínú ẹ̀sìn ni yógà ti dàgbà, àwọn kan sì ń pe orúkọ òrìṣà nínú rẹ̀ títí di òní. Ní 2008, ìgbìmọ̀ fátíwà ti orílẹ̀-èdè Malaysia kìlọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n olórí ìjọba wọn nígbà náà ní ẹni tí kò bá pe ọfọ̀ kankan lè ṣe é fún ìdárayá. Ní November 2017, ìjọba Saudi Arabia kà á mọ́ eré ìdárayá.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa fi ẹnu kò sí nìyí: kò sí ère, kò sí orin, kò sí ọfọ̀. Nínà ara àti mímí ni a ń ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè máa gba àdúrà tirẹ̀ nínú ọkàn. Ẹni tí pásítọ̀ tàbí àlùfáà rẹ̀ bá kọ̀ fún, kí ó jókòó, ẹnikẹ́ni kò ní bí i léèrè. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pe ẹnìkejì ní abọ̀rìṣà.

Ẹ̀yin ará, ẹrù àjò wúwo. Ìyá ń ṣàìsàn nílé, ilé tí a ń kọ́ kò tíì dé òrùlé, owó ilé ìwé ọmọ dé, bí fóònù bá sì dún ní òru, àyà wa a já. Yógà kò lè san gbèsè, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí a fi orí pípé rò ó. Bí ìrònú bá sì wọni lọ́rùn tí ayé fi sú ni, ìyẹn ti kọjá ti ẹní: ẹ wí fún ẹnìkan nínú wa, kí a jọ lọ rí dókítà. Kì í ṣe ìtìjú.

A fẹ́ fi èyí parí rẹ̀: bàbá tí ó bèèrè ọ̀rọ̀ náà ti ń tètè dé ìpàdé báyìí. Orí àga ni ó máa ń jókòó sí, èémí nìkan ni ó ń bá wọn ṣe. Ó ní àwọn ọmọdé ni kí ó máa ṣe bí ológbò.

Kí Elédùmarè ó fún wa ní ìlera àti ìfọ̀kànbalẹ̀, kí a kóre àjò délé. Àṣẹ.