Owó Oúnjẹ Lójú Ọ̀nà

  

Lónìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ àti omi tí à ń rà nígbà tí ọkọ̀ bá yà kí èrò lè sinmi. Ẹni tí ó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Parakú lọ sí Kútọnù mọ ibi tí mò ń wí. Ọ̀nà náà lé ní 400 kìlómítà. Ta ni ó lè jókòó rin gbogbo rẹ̀ láìjẹ, láìmu? Ọkọ̀ á yà ní Ìdáàṣà tàbí ní Bohicon. Awakọ̀ á ní: «Ogún ìṣẹ́jú o!» Gbogbo èrò á bọ́ sílẹ̀. Àwọn kan á wá ibi tí wọn yóò ti tọ̀. Àwọn kan á wá omi tútù. Àwọn yòókù á lọ tààrà sí ìdí ìkòkò. Wọn yóò jẹun tán, wọn yóò nu ẹnu, wọn yóò béèrè pé èló ni. Ìgbà yẹn ni ojú wọn yóò là.

A ti kọ́ ìròpọ̀ àti ìyọkúrò. Ẹ mú ìwé yín jáde, kí a jọ ṣírò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Abúlé kan ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ ni ó ń gbé. Ó ń ra gàrì, ó ń gbé e lọ tà ní Kútọnù. Nígbà tí ó yọ owó gàrì, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, àti owó ẹrù, èrè rẹ̀ jẹ́ 7.000 fàránkì. Kò tíì yọ owó oúnjẹ. Ó mú ọmọ rẹ̀ kékeré dání. Nígbà tí ọkọ̀ yà, ó ra ìrẹsì àti ẹran ní 1.200 fàránkì. Ó ra ti ọmọ ní 600. Ó ra ọtí dídùn ìgò kan ní 500. Ó ra omi inú ọ̀rá méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 50, ìyẹn 100. Ẹ rò ó pọ̀:

1.200 + 600 + 500 + 100 = 2.400.

Àlọ nìkan nìyẹn. Bí ó bá ra irú rẹ̀ nígbà àbọ̀, ó di 4.800. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 7.000. Ohun tí ó kù jẹ́ 2.200 fàránkì. Ìyá yìí ti jí ní ìdájí, ó ti ru àpò, ó ti dúró nínú oòrùn, ó sì padà sílé pẹ̀lú 2.200.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo iye tí irú oúnjẹ yẹn ń jẹ́ ní ìlú rẹ̀. Ìrẹsì àti ẹran, 600. Ti ọmọ, 300. Ọtí dídùn, 300. Omi méjì, 50. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1.250. Ẹ yọ 1.250 kúrò nínú 2.400, ó ku 1.150. Èyí ni ó fi lé e ní ìyà kan. Fún àlọ àti àbọ̀, ó jẹ́ 2.300. Bí ìyá yìí bá ń lọ sí Kútọnù lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ìgbà 24 ni yóò lọ lọ́dún. 2.300 lọ́nà 24 jẹ́ 55.200 fàránkì. Ẹ tún un ṣe bí ó bá yà yín lẹ́nu. Ó ya èmi náà lẹ́nu.

Iye owó tí mo kọ yìí, àpẹẹrẹ ni. Kì í ṣe bákan náà ní gbogbo ìlú, kì í sì í ṣe bákan náà lọ́dọọdún. Ẹ fi iye tí ẹ̀yin fúnra yín san rọ́pò rẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé olóúnjẹ burú, ojú rẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ìyá aláàkàrà tó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé yín. Bí ó bá gbé owó lérí lónìí, ẹ kò ní padà lọ́la. Ó mọ̀ yín, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìyàwó yín á sọ fún ará ilé kejì, ọjà á sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà ó ń ṣọ́ra. Ẹni tí ń ta oúnjẹ fún èrò ọkọ̀ kò ní irú ẹ̀rù yẹn. Ẹ lè má padà síbẹ̀ títí ọdún yóò fi yí po. Bí ẹ bá bínú lọ, ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn yín tí ó kún fún èrò tí ebi ń pa.

Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ yan ibẹ̀, awakọ̀ ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi, awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ kì í san owó oúnjẹ. Olóúnjẹ á bu ti wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹran á pọ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé àwọn ni wọ́n kó oníbàárà wá. Kò sí oúnjẹ ọ̀fẹ́ níbẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí abọ́ awakọ̀ àti ti ọmọ ọkọ̀ bá jẹ́ 1.200 lọ́kọ̀ọ̀kan, 2.400 ni. Bí 20 èrò bá jẹun níbẹ̀, ẹ pín 2.400 sí 20. Ó jẹ́ 120. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ti fi 120 fàránkì bọ́ awakọ̀ kí ó tó bọ́ ara rẹ̀, kò sì mọ̀.

Àwọn àgbà wa rántí ayé ọkọ̀ ojú irin. Ó máa ń kó èrò láti Kútọnù dé Parakú. Kò kó èrò lójú irin yẹn mọ́ nísinsìnyí. Nígbà náà, bí ọkọ̀ bá ti dúró ní ibùdó, àwọn obìnrin á rọ́ wá sábẹ́ fèrèsé pẹ̀lú igbá lórí. Ọ̀kan gbé àkàrà, méjì gbé ẹ̀kọ, mẹ́ta gbé ọsàn, mìíràn gbé wàgàṣì. Bí ọ̀kan bá sọ owó tó ga, ẹnì kejì á ti na ọwọ́ tirẹ̀ sókè pé òun á dín in. Èrò kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kánjúkánjú wà níbẹ̀ bí ó ti wà lónìí, ebi sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń tà pọ̀ lábẹ́ fèrèsé kan. Nínú ọgbà tí bọ́ọ̀sì ń yà sí lónìí, ìkòkò kan ṣoṣo lè wà níbẹ̀, odi sì lè yí i ká.

A kò ní jẹ́ kí ẹjọ́ náà dùn sí ẹnìkan nìkan. Mo ti bá àwọn obìnrin tí ń ta oúnjẹ lójú ọ̀nà jókòó. Wọ́n ń ra yìnyín kí omi lè tutù. Wọ́n ń ra èédú. Wọ́n ń san owó ibi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n ń se ìkòkò ńlá láti òwúrọ̀, láìmọ̀ bóyá ọkọ̀ méjì ni yóò yà tàbí mẹ́wàá. Ní ọjọ́ tí táyà ọkọ̀ bá jò sọ́nà, oúnjẹ á kan. Ẹni tí ó bá ta omi tútù ní 50 lójú ọ̀nà kò jalè. Èmi kò ka owó tó ga sí ẹ̀ṣẹ̀ bí wọ́n bá sọ ọ́ kí a tó jẹun. Èyí tí ó burú ni owó tí a kò sọ, tí wọ́n wo aṣọ rẹ, tí wọ́n gbọ́ èdè rẹ, kí wọ́n tó mọ iye tí wọn yóò pè é.

Nítorí náà, ẹ béèrè kí wọ́n tó bu oúnjẹ. Ìtìjú ni ó ń dá púpọ̀ nínú wa dúró. À ń rò pé wọn yóò ní a kò lówó. Ẹ gbọ́ bí ọkùnrin kan ṣe ṣe é:

— Ẹ kú ọjà o, ìyá mi.
— Ẹ kú ìrìn o, bàbá. Ẹ jókòó, ẹ jẹun.
— Mo dúpẹ́. Èló ni ẹ ń ta ìrẹsì?
— Ẹ jókòó ná, bàbá, a ò ní jà.
— Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi kí ẹ tó bù ú.
— Láti 500 ni.
— Ẹran ńkọ́?
— Ẹyọ kan, 300.
— Ẹ bu ìrẹsì 500 pẹ̀lú ẹran kan. Ó di 800, àbí?
— 800 ni, bàbá.

Ó parí. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ẹran. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n á fi ẹran méjì tàbí mẹ́ta sí i láìbi yín, ẹ̀yin yóò sì rò pé ọ̀yàyà ni.

Ní àwọn ibi kan, wọ́n kọ iye owó sára pátákó. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà nísinsìnyí, ẹ gbé ojú sókè. Ní ọdún 2007, ilẹ̀ Benin ṣe òfin tí ó ń dáàbò bo ẹni tí ń rajà. Oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti mọ iye owó kí ó tó rà. Ìbéèrè yín kì í ṣe àfojúdi.

Owó wẹ́wẹ́ tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mú 10.000 jáde láti fi ra omi 50 ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Olómi á gba owó, á ní òun ń lọ wá ṣéńjì. Awakọ̀ á fọn fèrè. Ọkàn yín á pín sí méjì, ọ̀kan sára ọkọ̀, ọ̀kan sára owó. Ẹ ṣẹ́ owó yín ní ilé. Ẹ di ti ojú ọ̀nà sọ́tọ̀, ní ẹyọ 50, 100 àti 200.

Ohun tí ó sàn jù ni kí a di oúnjẹ láti ilé. Ẹ̀kọ inú ewé dára, àti àkàrà tí a dín gbẹ, ẹyin sísè, ẹ̀pà yíyan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ọsàn. Ẹ má di ọbẹ̀ tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún ìrìn ọjọ́ kan gbáko, ooru inú ọkọ̀ á bà á jẹ́. Gàrì dára, ṣùgbọ́n kí omi tí a ó fi mu ún mọ́. Ẹ fọ ike, ẹ bu omi mímọ́ sínú rẹ̀, ẹ dé e dáadáa. Bí ẹ bá ra omi inú ìgò lójú ọ̀nà, ẹ wo ìdérí rẹ̀ bóyá wọ́n ti ṣí i rí. Bí ìyá onígàrì wa bá na 500 sórí oúnjẹ ilé fún àlọ, tí ó sì ra ẹ̀kọ àti àkàrà 500 ní Kútọnù kí ó tó wọ ọkọ̀ àbọ̀, 1.000 péré ni. Ohun tí yóò kù nínú 7.000 rẹ̀ jẹ́ 6.000.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tà lójú ọ̀nà Kétu sí Pobẹ̀, àti níbi gbogbo tí ọkọ̀ ń yà sí, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹ wá pátákó kékeré kan. Ẹ fi ẹfun kọ ọ́: ìrẹsì, iye báyìí, ẹran, iye báyìí, omi, iye báyìí. Bí ẹ kò bá tíì lè kọ ọ́ fúnra yín, ẹ ní kí ọmọ kíláàsì bá yín kọ ọ́. Èrò tí ó bá rí iye owó láti ọ̀nà jíjìn kì í bẹ̀rù láti jókòó. Awakọ̀ kì í sì í fẹ́ ibi tí èrò ti ń jà, nítorí ìjà ń dá ọkọ̀ dúró.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí. Ọkùnrin tó ra ìrẹsì 800 lókè yìí mu omi inú ọ̀rá kan, 50 fàránkì. Ó ra ọsàn mẹ́rin fún àwọn ọmọ ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 25. Ó fún olóúnjẹ ní 2.000, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ti ra gbogbo rẹ̀. Èló ni kí ó gbà padà? Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.