Ojú Kejì Lára Hẹlikọ́pítà

Kò sí ẹni tí ó wọ hẹlikọ́pítà tí kì í rí awakọ̀ rẹ̀, nítorí iwájú èrò ni onítọ̀hún jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tú ọkọ̀ náà palẹ̀ tí ó sì tún un tò, àti ẹni tí ó yẹ iṣẹ́ ọ̀hún wò tí ó fọwọ́ síwèé pé kí ọkọ̀ máa fò, èrò kì í fojú kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ àwọn méjèèjì ni ẹ̀mí rẹ̀ ti kọ́kọ́ wà kí awakọ̀ tó gbà á. Nípa ẹnì kejì yìí ni ọ̀rọ̀ mi, olùyẹ̀wò, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo ohun tí ẹlòmíràn ti wò tẹ́lẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú olùyẹ̀wò ni hẹlikọ́pítà fi ń ṣọ́ tirẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2011, hẹlikọ́pítà fẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní AS350 B2, gbéra ní Las Vegas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó gbé arìnrìn-àjò afẹ́ mẹ́rin lọ wo ìsédò Hoover bí oòrùn ti ń wọ̀. Nígbà tí ó dé orí àwọn òkè ìtòsí adágún Mead, ó ṣàdédé gòkè tó 600 ẹsẹ̀ bàtà, ó ṣẹ́rí sápá òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ títí ó fi fọ́ yángá láàárín àpáta. Awakọ̀ kú, èrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú.

Àjọ NTSB, tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1967 láti máa wádìí irú jàǹbá bẹ́ẹ̀, ni ó ṣa àfọ́kù rẹ̀ jọ. Ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn alátùn-únṣe dé ni: lọ́jọ́ tí ó ṣáájú, wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò oní-100 wákàtí fún un, wọ́n sì ti pààrọ̀ ẹ̀rọ tí ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ láti darí abẹ̀bẹ̀ ńlá tí ó wà lórí rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn. Bóòtì kan ṣoṣo ni ó so ẹ̀rọ yìí mọ́ ọ̀pá tí ń gbé àṣẹ ọwọ́ awakọ̀ wá bá a. Nọ́ọ̀tì tí ń di ara rẹ̀ mú wà lẹ́nu bóòtì náà, píìnì kékeré sì ni ó ń há a mọ́lẹ̀ kí ó má baà yí padà. Irú nọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ a máa gbó. Bí ìka lásán bá ti lè yí i wọlé láìgbagidi, agbára ìdìmú rẹ̀ ti tán nìyẹn, sísọnù ni. Ohun tí àjọ náà rí ni pé nọ́ọ̀tì tí ó ti gbó ni wọ́n dá padà, píìnì náà sì rèé, yálà wọn kò fi í sí i rárá, tàbí wọn kò fi í sí i bí ó ti yẹ. Nọ́ọ̀tì tú lójú òfurufú, bóòtì yọ, ọ̀pá já, ọwọ́ awakọ̀ kò sì lè rí nǹkan kan ṣe mọ́. Bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Báwo wá ni ó ṣe bọ́ mọ́ ojú kejì lọ́wọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a mọ Ògún lákáayé, tí a sì mọ bí kì í ti í gbàgbàkúgbà lọ́wọ́ ẹni tí ń fi irin ṣiṣẹ́, yóò yára pe àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ní aláìbìkítà. Èmi kò lè bá wọn pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán ni mẹkáníìkì náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà wọ́n ní kí ó dé kí aago mẹ́fà òwúrọ̀ tó lù; wọ́n yí àkókò iṣẹ́ olùyẹ̀wò padà bákan náà, kò sì sí èyí tí wọ́n fún láyè kí ara rẹ̀ mọ ìyípadà ọ̀hún. Àárẹ̀ wà lára ẹni tí ó ṣe é, àárẹ̀ wà lára ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí ó jẹ́ pé torí kí ẹnì kan lè rí ohun tí ó fo ẹnì kejì lójú ni a ṣe fi ènìyàn méjì sí i. Ìwé tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ náà kò sì to àwọn ìgbésẹ̀ tí ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò ní ẹyọ ní ẹyọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2015, hẹlikọ́pítà kan tí ó tóbi ju èyí lọ já sínú ọ̀sà ní Oworonṣoki, ní Èkó, ènìyàn 6 nínú àwọn 12 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Níbẹ̀ náà, ọ̀pá ìdarí tí ó tú ni àwọn olùwádìí bá.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ti sọ iye wákàtí tí awakọ̀ òfurufú lè fi ṣiṣẹ́ kí ó tó sinmi, ṣùgbọ́n ní àkókò jàǹbá ti Las Vegas, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń tún ọkọ̀ arìnrìn-àjò afẹ́ wọ̀nyí ṣe. Àìtọ́ gbáà ni lójú mi, nítorí oorun tí ń kun awakọ̀ ni ó ń kun ẹni tí ń di nọ́ọ̀tì fún un. NTSB kò lágbára láti ṣòfin, ìmọ̀ràn nìkan ni ó lè gbani; nínú ìwádìí tí ó parí ní oṣù Kìíní ọdún 2013, ó rọ FAA, àjọ tí ó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, pé kí ó fi òfin dá wákàtí iṣẹ́ àwọn alátùn-únṣe mọ, kí wọ́n sì máa kọ́ wọn ní ohun tí àárẹ̀ ń ṣe sí ojú àti ọwọ́ ènìyàn.