Ohùn Tín-ín-rín Lẹ́nu Ọkùnrin: Ẹ̀kọ́ Ni, Kì í Ṣe Àbùkù

Nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá gbé orin sókè dé ibi tí àwọn obìnrin ń kọ ọ́ dé, ẹ̀rín ni a sábà máa ń fi pàdé rẹ̀. Ìtìjú ẹ̀rín náà a sì máa pa ohùn àtàtà mọ́ ọ̀fun. Ọ̀rọ̀ náà yani lẹ́nu, nítorí pé ní Kétu, ọkùnrin ni ń gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rù, tí ń wọ aṣọ obìnrin jó láti fi yẹ́ àwọn ìyá wa sí. Èyí kò sì dín iyì rẹ̀ kù.

Ní Ítálì láyé àtijọ́, níbi tí a kò ti gbà kí obìnrin kọrin nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n a máa tẹ ọmọdékùnrin lọ́dàá kí ohùn rẹ̀ má baà wúwo. Alessandro Moreschi, tí ó kú ní 1922, wà lára àwọn ìkẹyìn wọn. Alfred Deller ará Gẹ̀ẹ́sì (1912–1979) ló fi han aráyé pé ìdánrawò tó, ọ̀bẹ kò pọn dandan. Ní 1960, Benjamin Britten kọ ipa Oberon, ọba àwọn iwin, fún un. Lónìí, Philippe Jaroussky ará Faransé, tí ó kọ́kọ́ kọ́ fayolíìnì, jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú àwọn tí a ń pè ní contre-ténor.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Inú gògóńgò ni tán-án-ná wà, awẹ́ ẹran méjì tí èémí ń mú gbọ̀n. Bí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, wọn a máa gbọ̀n bí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ohùn bá lọ sókè, wọn a nà, wọn a fẹ́lẹ́, etí wọn nìkan ni yóò sì máa gbọ̀n, nígbà mìíràn ju ìgbà 400 lọ. Èémí lè máa sá jáde láàárín wọn. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti mú kí awẹ́ méjèèjì pàdé dáadáa, kí ohùn lè mọ́ gaara.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi agbára ti ohùn láti ìsàlẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí igbe òwìwí, kí ẹ sì máa rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ibì kan wà tí ohùn yóò ti já lójijì. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ máa kọjá lójoojúmọ́, títí yóò fi dán. Ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́ tó: díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ọ̀fun bá ń dùn yín, ẹ dákẹ́. Bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ẹ lọ rí dókítà. Kí ọmọ tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà ní sùúrù, nítorí gògóńgò rẹ̀ ṣì ń dàgbà.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ohùn tó ga yóò ba ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín sílébù kan àti èkejì ni etí ń gbọ́: ìbáà jẹ́ ọmọdé tàbí àgbà ló pe ọkọ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ ní ọkọ́. Orin tí kò tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ ló ń ba ìtumọ̀ jẹ́, ìbáà ga, ìbáà rẹlẹ̀.

Ẹ̀yin olórí akọrin, bí ọmọkùnrin kan bá gbé orin sókè lọ́jọ́ ìdánrawò, ẹ fi ipa kan lé e lọ́wọ́, kí ẹ̀rín tó dé ẹnu ẹnikẹ́ni.