Bí Èèyàn Ṣe Lè Fúnra Rẹ̀ Kọ́ Cognitive Science

Ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ cognitive science, ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń ronú, tó ń rántí, tó sì ń gbọ́ èdè, sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ìwé tí òun máa rà. Ìbéèrè kan tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ló yẹ kó ṣáájú ìwé. Onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, onímọ̀ èdè, onímọ̀ ọpọlọ, oníkọ̀ǹpútà, onímọ̀ ọgbọ́n orí àti àwọn tó ń wádìí àṣà ló pawọ́ pọ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí. Ẹni tó bá ní òun máa ka gbogbo rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, á ti sú u kó tó dé ìdajì. Abéèrè ni kì í ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan: kí ló dé tí nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè fún wa fi ń bọ́ lórí kí a tó tẹ̀ ẹ́ tán?

Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin tí kò tò léra, ẹ pè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àbúrò yín létí, kó kà á padà. Tó bá gbà á, ẹ kọ òmíràn tó fi ẹyọ kan jù ú lọ. Nígbà tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mejì léra, ẹ kọ ibi tó dé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kì í kọjá bíi méje. Wàyí o, ẹ pe nọ́ńbà fóònù oní 11 tí kò mọ̀, ẹ máa dánu dúró díẹ̀: mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin. Á rọrùn fún un ju kí ẹ pè é gbọrọ lọ. Lójú ẹni tó ti ń rí 0803 látọjọ́, ẹyọ kan péré ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn.

Ohun tí George Miller, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, kọ nípa rẹ̀ ní 1956 nìyẹn: nǹkan bí ẹyọ méje lorí ń gbà lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ a lè di púpọ̀ pọ̀ sínú ẹyọ kan. Ní 2001, Nelson Cowan, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá bíi tiẹ̀, ní tí a kò bá ráyè dì í pọ̀, bíi mẹ́rin ni. Ẹ ka àwọn méjèèjì tẹ̀léra, kí ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti yà.

Ẹ wá gbé ìbéèrè kan náà lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ yòókù. Ní ti ọpọlọ, ní 1953, wọ́n gé apá kan kúrò nínú ọpọlọ Henry Molaison, ará Amẹ́ríkà, nítorí wárápá. Ó ṣì lè ka nọ́ńbà díẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ á di àjèjì sí i láìpẹ́. Ìyẹn fi hàn pé ìrántí ojú ẹsẹ̀ àti ìrántí ọlọ́jọ́ pípẹ́ yàtọ̀ síra. Ní ti àṣà, Helen Verran, tó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ rí ní Yunifásítì Ifẹ̀, gbé ìwé jáde ní 2001 lórí bí Yorùbá ṣe ń ka nǹkan. Àwa Yorùbá máa ń yọ ẹyọ kan kúrò nínú ogún kí a tó rí mọ́kàndínlógún. Ẹ tún ìdánwò nọ́ńbà yẹn ṣe ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wò ó bóyá ibi tí àbúrò yín ti ń ṣì í á yàtọ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí tún kọ́ni bí a ṣe ń kàwé. Àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá méjì, Roediger àti Karpicke, fi hàn ní 2006 pé àwọn tó ń ka iṣẹ́ lákàtúnkà ló rántí jù lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n sì dán ara wọn wò ló rántí jù.

Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá tí John Gabrieli kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí MIT OpenCourseWare; Stanford Encyclopedia of Philosophy náà kì í gbowó. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ kọ ojú ewé kan tó ṣàlàyé ohun tí ẹ kà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ibi tí àlàyé bá ti há yín lẹ́nu ni ìbéèrè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.