Noẹ́lì Àkọ́kọ́ Ọmọ Wa

Ilé tí ìkókó bá wà ní àkókò Noẹ́lì, ayọ̀ ibẹ̀ di méjì. Bí ó bá jẹ́ pé inú ọdún gan-an ni a bí i, àwọn ará ilé lè sọ ọ́ ní Abíọ́dún tàbí Bọ́dúndé.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ yìí kan náà ló ń sọ ìdílé mìíràn di onígbèsè. Wọn a ní Noẹ́lì àkọ́kọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ lọ bẹ́ẹ̀: kí bàbá, ìyá àti ọmọ wọ aṣọ kan náà, kí a pa ẹran, kí a pe ayàwòrán. Wọn a yáwó. Nígbà tí oṣù Janúárì bá dé, tí ara ọmọ gbóná, owó oògùn a di àwátì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé Jésù. Ìhìnrere Lúùkù sọ pé ọ̀já ni Màríà fi wé ọmọ rẹ̀, ibùjẹ ẹran ló sì tẹ́ ẹ sí. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Tẹ́ńpìlì, ẹbọ ẹyẹ méjì ni Lúùkù dárúkọ. Nínú Òfin Mósè, ẹni tó lágbára a mú ọ̀dọ́ àgùntàn wá. Ẹyẹ méjì ni ti aláìní. A kò kà pé Jósẹ́fù yá owó àgùntàn kí aráyé lè yìn ín. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn àgbà wa sì ní, ọmọ laṣọ. Ẹni tí Ọlọ́run ti fi ọmọ wọ̀ láṣọ, kí ló tún ń yáwó aṣọ sí?

Kí ni kí a wá ṣe fún ọmọ náà?

1. Mísà. Ọyẹ́ ń mú lóru lásìkò yìí, ọmọ tuntun kò sì lè bá a jà. Mísà òru nìkan kọ́ ni Ìjọ ní fún Noẹ́lì: ti ìdájí wà, ti ọ̀sán wà. Ẹ gbé ọmọ wá sí ti ọ̀sán. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò lè jáde rárá, kí ó má bẹ̀rù. Ìwé Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì ti 1992 ka ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ mọ́ ìdí tó lè dá ènìyàn dúró sílé láìdẹ́ṣẹ̀.

2. Oúnjẹ. Kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá tó o. Kò tilẹ̀ nílò omi. Kí àlejò má ṣe fi ọtí dídùn tàbí ọbẹ̀ kàn án lẹ́nu. Èyí tó ti ń jẹun, ẹ má fún un ní ẹ̀pà tàbí súìtì líle. Ó lè há a lọ́fun.

3. Àlejò. Ẹni tó ń wúkọ́, kí ó kí ọmọ láti òkèèrè. Ẹni tó fẹ́ gbé e, kí ó kọ́kọ́ fọwọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tẹ́ ọmọ sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kódà bí ilé bá kún.

4. Ibùjẹ ẹran. Ní 1223, ní ìlú Greccio ní Ítálì, Fráńsísì Mímọ́ ti Àsísì ṣe ibùjẹ ẹran kí àwọn ènìyàn lè fojú rí ipò òṣì tí a bí Jésù sí. Ẹ gbé ọmọ yín dé iwájú ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kí bàbá fi àmì àgbélébùú sí i níwájú orí, kí ìyá àgbà súre fún un. Èyí kò náni ní kọ́bọ̀.

5. Ìrìbọmi. Òfin Ìjọ ti 1983 ní kí òbí gbé ọmọ wá fún ìrìbọmi láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí a bí i. Ẹ má fi owó àsè sún un síwájú. Omi ni àlùfáà ń béèrè, kì í ṣe ìrẹsì.

Owó aṣọ tí ẹ kò rà, ẹ fi pamọ́ fún ìlera ọmọ. Ọmọ kò ní rántí aṣọ Noẹ́lì àkọ́kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ara líle ni yóò fi ṣe èkejì. Kí Jésù Ọmọ Ọwọ́ bá wa wò wọ́n. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.