Kòkòrò tí Apá Oògùn Kò Ká Mọ́

Ǹjẹ́ ẹ ti dé Àpápá ní ìlú Èkó rí? Níbẹ̀ ni ebúté ńlá wà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ìrẹsì ń gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀rọ ń gba ibẹ̀ wọlé, oògùn náà ń gba ibẹ̀ wọlé. Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sí Àpápá rárá. Ibi tí àdúgbò méjèèjì ti pààlà ni wọ́n ń pè ní Boundary.

Ní Ajégúnlẹ̀, ilé fara kan ilé. Bí òjò ńlá bá rọ̀, gọ́tà a kún, omi ẹ̀gbin a sì ya wọ àgbàlá. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Nítorí náà, ìgbẹ́ gbuuru kì í jìnnà sí àwọn ọmọdé. Ká ní ọmọ ọdún méjì kan bẹ̀rẹ̀ sí yàgbẹ́. Ìyá rẹ̀ yóò sáré lọ bá oníkẹ́míìsì.

“Bùọ̀dá, ẹ bá mi wá nǹkan sí i, ọmọ mi ń yàgbẹ́ láti àná.”

Oníkẹ́míìsì yóò ka kápúsù mẹ́rin fún un, nítorí pé owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìgbẹ́ náà bá dá lọ́jọ́ kejì, ìyá yóò fi èyí tí ó kù pamọ́. Ẹ má dá a lẹ́bi o. Owó ilé ìwòsàn kì í sábà sí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni kápúsù náà ṣe fún àwọn kòkòrò inú ìfun ọmọ yẹn?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú ìbéèrè báyìí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wálé sí Yunifásítì Ìbàdàn ní 2014. Bakitéríà ni ó ń ṣe ìwádìí lé lórí. Bakitéríà jẹ́ ohun abẹ̀mí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó burú. Èyí tí wọ́n ń pè ní E. coli ń gbé inú ìfun gbogbo wa. Àmọ́ àwọn ẹ̀yà E. coli kan ń ṣe ọmọdé ní ìgbẹ́ gbuuru, Okeke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì rí irú wọn lára àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá níbí. Bí a bá fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wo ẹ̀yà kan nínú wọn, a ó rí i tí wọ́n tò léra wọn bí búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà tò.

Ìwádìí kan tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ̀ jáde ní 2000 ni ó yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n yẹ E. coli 758 wò, tí a gbà láti inú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ara wọn le, láàárín 1986 sí 1998. Wọ́n fi oògùn bíi tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin dán àwọn kòkòrò náà wò. Ní 1986, nínú 100 kòkòrò, àwọn tí apá oògùn kò ká jẹ́ 9 sí 35, bí oògùn kọ̀ọ̀kan bá ti rí. Ní 1998, wọ́n ti di 56 sí 100. Ẹ rántí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí kò ṣàìsàn rárá.

Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀? E. coli kan lè pín sí méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú bí ó bá rí oúnjẹ tó. Ẹ ṣírò ó: ọ̀kan di 8 ní wákàtí kan, ó di 64 ní wákàtí méjì, ó di 512 ní wákàtí mẹ́ta. Bí oògùn bá dé àárín wọn, yóò pa àwọn tí apá rẹ̀ ká. Bí ọ̀kan bá wà tí ó mọ ọgbọ́n tí a fi ń bọ́ lọ́wọ́ oògùn náà, òun ni yóò ṣẹ́kù, yóò sì máa bí irú ara rẹ̀. Ó tún lè kọ́ kòkòrò ẹ̀yà mìíràn ní ọgbọ́n náà.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé kò nílò kápúsù yẹn. Omi tí ó ń tán lára ọmọ ni ewu ibẹ̀. ORS ni a fi ń dá a padà: a ó pò ó mọ́ ìwọ̀n omi mímọ́ tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀, a ó sì máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún ń fún un ní zinc fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọmọ tí ó ń mu ọmú kò gbọdọ̀ dá a dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ojú ọmọ bá jìn sínú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ní ilé ìwòsàn, yàrá àyẹ̀wò ni ó lè sọ kòkòrò tí ó wà nídìí àìsàn àti oògùn tí ó ká a. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kò ní yàrá àyẹ̀wò tí ó pé. Ìwé kan tí Okeke kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 2011, ó sì pè é ní Divining Without Seeds. Ẹni tí ó ń dífá láìní ikin ni ká pè é ní èdè wa. Ní Ìbàdàn, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń ka àbùdá kòkòrò àrùn bí ẹni ń ka lẹ́tà inú ìwé, kí wọ́n lè mọ èyí tí ó bá èyí tan, àti oògùn tí apá rẹ̀ kò ká a mọ́.